Lẹ́tà méjì lára sẹ́ǹtì ọdún 1955

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbé owó ẹyọ àtijọ́ sábẹ́ awò, tó rí i pé lẹ́tà rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ní òjìji, gbà pé owó iyebíye ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó di méjì lè ti ara òǹtẹ̀ wá, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń lu àwòrán sára owó, ó sì lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí òǹtẹ̀ ń lu owó. Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ó sì ń dunni pé àwọn kan ń ta èkejì fún aláìmọ̀kan ní iye tó yẹ èkíní.

Èyí tó lókìkí jù ni sẹ́ǹtì kan Amẹ́ríkà tí wọ́n lù ní Philadelphia lọ́dún 1955. Ọdún tó wà lára rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó yí orí Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́, ká di méjì gedegbe, ojú lásán rí i. Nǹkan bí 20,000 sí 24,000 ló bọ́ síta. Inú páálí sìgá ni púpọ̀ nínú wọn gbà dé ọwọ́ aráàlú: sẹ́ǹtì 23 ni sìgá, ẹ̀rọ tó ń tà á ń gba sẹ́ǹtì 25, nítorí náà wọ́n máa ń fi ṣéńjì sẹ́ǹtì méjì sínú ọ̀rá tó bo páálí náà.

Báwo ló ṣe di méjì? Òǹtẹ̀ tó ń lu owó náà ní ìyá. Irin líle ni ìyá yìí, àwòrán owó yọ sókè lára rẹ̀, wọ́n á sì fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin rírọ̀ kí àwòrán náà lè wọnú. Ṣùgbọ́n bí irin rírọ̀ bá ti jẹ ìtẹ̀, ó ń le, kò ní gba àwòrán náà tán. Wọ́n á dá a padà sínú iná kó tún rọ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti wọlé: ìtẹ̀ kejì yí díẹ̀ kúrò lójú ti àkọ́kọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá yí díẹ̀, etí rẹ̀ ló ń rìn jìnnà ju àárín lọ. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà etí owó fi pín tó báyẹn, tí ojú Lincoln kò sì fi bẹ́ẹ̀ pín. Ẹ̀yìn owó náà pé pérépéré, nítorí òǹtẹ̀ mìíràn ló lù ú.

Ẹ wo àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta tó ń fi páànù tí wọ́n gé ọnà sí lára ya aṣọ. Bí ẹni tó gé páànù bá gé ẹsẹ̀ ẹyẹ mẹ́ta dípò méjì, gbogbo aṣọ tó bá gba abẹ́ páànù yẹn kọjá ló máa ní ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ibì kan náà ni ẹsẹ̀ kẹta yóò sì wà lára gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí páànù bá yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ́n ẹ̀kọ, aṣọ kan ṣoṣo yẹn ló máa dàrú. Tí wọ́n bá gbé aṣọ mẹ́wàá síwájú oníbàárà tó mọ aṣọ, kò ní pẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti páànù àti èyí tó jẹ́ ti ọwọ́.

Bákan náà ni ti owó. Òǹtẹ̀ tí kò dúró dáadáa lè mì lẹ́yìn tó ti lu owó tán, kó fi etí rẹ̀ ha lẹ́tà bó ṣe ń kúrò. Ohun tó ń fi sílẹ̀ tẹ́jú, ó lọ sílẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ara lẹ́tà fúnra rẹ̀ ló sì jẹ, tí lẹ́tà fi tín-ín-rín. Ti ojúlówó kò rí bẹ́ẹ̀: lẹ́tà méjèèjì yọ sókè, ara wọn yípo, lẹ́tà náà fẹ̀ sí i, orígun rẹ̀ sì là sí méjì. Òǹtẹ̀ tó ti gbó náà máa ń tanni jẹ. Lọ́dún 1955 yẹn kan náà, irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ lu àwọn sẹ́ǹtì kan tí 5 ìgbẹ̀yìn wọn ní òjìji, ni wọ́n bá ń pè é ní sẹ́ǹtì onílẹ́tà méjì ti tálákà. Kò sí ìtẹ̀ kejì kankan nínú ìyẹn.

Ọgbọ́n ńlá ni ọ̀nà ìtẹ̀ léraléra yìí, torí ìyá kan lè bí òǹtẹ̀ púpọ̀ tó jọra. Síbẹ̀, ó gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ àti ojú ènìyàn jù. Ní àwọn ọdún 1990, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àṣìṣe náà kò tán, ó kàn ṣí kúrò ní etí lọ sí àárín ni: lára àwọn sẹ́ǹtì kan ti ọdún 2009, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin Lincoln ti jókòó sórí ìtì igi tó ń kàwé, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti lé sí i.