Ewé tí wọ́n yà sára páálí kọ́ ló ń mú kí íápíìsì tọ́jọ́

Lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta íápíìsì aláìníwáyà, wàá rí páálí tí wọ́n ya ewé sí. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ike àlòtúnlò ni wọ́n fi ṣe é, pé kò sí ọ̀rá kankan nínú páálí náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí: ilé-iṣẹ́ tó bá ń lo ike àlòtúnlò ń tọ́jú ayé, èyí tí kò bá lò ó ń bà á jẹ́.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ewé wà lára páálí èyí tí mo rà. Kò tíì pé ọdún méjì tí ti etí òsì kò fi lè kọrin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mọ́. Mo gbé e tọ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà lọ. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n ti tú u? Kò ní nọ́ọ̀tù. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Tí mo bá là á, ó tán nìyẹn." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Bátìrì lithium máa ń gbó. Bí a ṣe ń ṣáàjì rẹ̀, tí a ń lò ó tán, tí a tún ń ṣáàjì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Tó bá ti tó nǹkan bí ìgbà 300 sí 500, kò ní lè gba iná tó bó ṣe ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. Ti fóònù tóbi, ó lè mú odidi ọjọ́ kan. Ti íápíìsì kéré bíńtín, ẹni tó bá sì fẹ́ràn orin lè ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́. Ìdí nìyẹn tí bátìrì fi sábà máa ń ṣíwájú kú, nígbà tí òòfà, sípíkà kékeré inú rẹ̀ àti ike ara rẹ̀ ṣì le koko. Bí kò bá sí ọ̀nà láti pààrọ̀ bátìrì yẹn, gbogbo ìyókù á bá a lọ sí ààtàn, tòun ti ike àlòtúnlò tí wọ́n fi ń yangàn.

Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Apple sọ pé ohun àlùmọ́ọ́nì àlòtúnlò ni òun fi ń ṣe òòfà inú AirPods, íápíìsì aláìníwáyà rẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, nítorí wíwa ohun àlùmọ́ọ́nì yẹn nínú ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mímọ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí iFixit, àwọn ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títú nǹkan wò, tú AirPods àkọ́kọ́ ní 2016, òdo nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún un ní ti bó ṣe rọrùn tó láti tún un ṣe. Ní 2024, Fairphone láti ilẹ̀ Netherlands gbé íápíìsì aláìníwáyà tó ń jẹ́ Fairbuds jáde: ẹni tó ni ín lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ bátìrì etí méjèèjì àti ti àpótí rẹ̀. iFixit fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá wá ń sọ pé nǹkan náà kéré jù láti ṣeé tú, ó ti gbọ́ èsì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun pàápàá. Sennheiser ti Jámánì ti ń ta HD 25, íápíìsì oníwáyà ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ orí, láti 1988. Wáyà rẹ̀ já? Yọ ọ́, ki òmíràn bọ̀ ọ́. Tìmùtìmù etí rẹ̀ ya? Ra òmíràn. Kò sí ewé kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ àtúnlò alára lè di ìbòjú. Ní 2019, Sonos, àwọn onísípíkà Amẹ́ríkà, ní kí ẹni tó bá ní sípíkà àwọn ti àtijọ́ wá ra tuntun, àwọn á yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó rẹ̀. Kí o tó rí ẹ̀dínwó náà gbà, o ní láti fi ti àtijọ́ sí ipò kan tí wọ́n pè ní Recycle Mode. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, ó kú nìyẹn, kò sí ẹni tó lè jí i mọ́. Sípíkà tó ń kọrin geere, tí èèyàn ì bá fi ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ, wọ́n pa á lórúkọ àtúnlò! Ariwo ta, ní oṣù Kẹta 2020 wọ́n sì pa Recycle Mode náà tì. Ẹni tí yóò bá yá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe sí èyí tó ti tà ni mo máa ń wò báyìí.

Àwọn ènìyàn tó ń ka pàǹtí ẹ̀rọ lágbàáyé kúkú sọ pé 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ló jáde ní 2022, ìdá 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló sì wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n kó jọ tí wọ́n tún lò bó ṣe yẹ. Nítorí náà, "ó ṣeé tún lò" tó wà lára páálí kò ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan kò sì tó láti fi ṣe ìdájọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ kan náà lè ta èyí tó ṣeé tú lónìí, kó ta onígọ́ọ̀mù lọ́la. Béèrè bóyá wọ́n ń ta bátìrì àti tìmùtìmù rẹ̀ lọ́tọ̀. Béèrè bóyá ó ṣì máa kọrin lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti áàpù rẹ̀ pa. Ní Yúróòpù, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2023 sọ pé láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì 2027, bátìrì inú ọ̀pọ̀ ohun èlò kéékèèké gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ni ín. Àwọn onígọ́ọ̀mù ń múra.

Èmi ti padà sí oníwáyà. Wáyà rẹ̀ já lóṣù tó kọjá, ọmọ Ìkẹjà yẹn jó òjé sí i níṣojú mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbowó.