Bísíkíìtì Irin

Màmá kan ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ní kí n wá wo òpó ilé òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bíríkìlà ti rẹ́ ẹ, ó tún là. Mo fi òòlù kàn án, ó dún gbo bí igbá òfìfo. Nígbà tí mo tún un gbá, èépá kan já bọ́, irin pupa yọjú. Kọnkéré tó bò ó ò nípọn tó ìka kan.

“Ẹnjiníà, wọ́n ní sìmẹ́ǹtì ni ò dáa.”

Irin ló wú, màmá.

Ẹ mọ omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú? Bí kọnkéré tuntun ṣe rí nínú nìyẹn. Lórí òṣùwọ̀n pH, tó ń fi bí agbára eérú yẹn ṣe pọ̀ tó hàn, ó máa ń kọjá 12, irin kì í sì í dípẹtà níbẹ̀. Àmọ́ carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ń rọra wọlé lọ́dọọdún, ó ń pa agbára eérú yẹn. Tó bá fi máa já sí nǹkan bí 9 nídìí irin, ààbò ti tán. Omi kàn án, ó dípẹtà. Ìpẹtà sì máa ń gbàyè ju irin tó ti jáde lọ, ìlọ́po méjì sí mẹ́fà. Níbo ló fẹ́ gbà? Ó la kọnkéré ni.

Tiwa nílẹ̀ òkè ń falẹ̀ díẹ̀. Ní Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, iyọ̀ òkun kì í dúró de pH kankan, ńṣe ló ń lu irin ní ihò. Ẹni tó bá fi yanrìn etí òkun tí wọn ò fọ̀ da òpó, òun fúnra rẹ̀ ló bu iyọ̀ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ẹ bi bẹ́ńdà yín, ẹni tó ń tẹ irin, léèrè bísíkíìtì, ìyẹn búlọ́ọ̀kù kéékèèké tí wọ́n fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ṣe, tí wọ́n so mọ́ irin kó má baà fara ti pákó. Kí kọnkéré tó bo irin nípọn tó mìlímítà 40 ni mo máa ń fẹ́ fún òpó. Fún ìpìlẹ̀ tí wọ́n dà sórí erùpẹ̀ lásán, 75. Àfọ́kù òkúta tí wọ́n ń tì sábẹ́ irin kì í ṣe bísíkíìtì o, ó máa ń yẹ̀ tí wọ́n bá ti ń da kọnkéré.

Ẹ ṣọ́ omi náà. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan, kó má kọjá bẹ́ẹ̀; tí yanrìn bá tutù, ẹ dín in. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn kó ṣàn, kó lè rọ ṣọ́bìrì lọ́rùn, àmọ́ omi tó ṣẹ́kù máa gbẹ, á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti iyọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rin ín lómi fún ọjọ́ méje, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Ti màmá, a gbẹ́ ẹ dé ẹ̀yìn irin, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Òpó méjì gba irin tuntun. Màmá mú bísíkíìtì kan nílẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́: “Èyí náà ni?”