Ìdáàbòbò sírínjì lọ́wọ́ kòkòrò àrùn

Sírínjì ni ohun èlò ike tàbí gíláàsì tí a fi ń fa oògùn tàbí ẹ̀jẹ̀, tí a ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀ lẹ́nu. Inú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní kòkòrò kankan.

Sírínjì onike ti wà nínú àpò kí ilé iṣẹ́ tó fi gáàsì ethylene oxide tàbí ìtànṣán gamma pa kòkòrò ara rẹ̀. Nítorí náà, àpò tó ya, tí omi ti kàn rí (ì báà ti gbẹ), tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, jíjù ni. Ti gíláàsì ni a lè tún lò: a ó tú u, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ autoclave, ìyẹn ìkòkò tó ń há oru omi mọ́nú, ní 121°C fún 20 ìṣẹ́jú. Bíbọ̀ nínú omi híhó kò tó, nítorí àwọn kòkòrò kan ń wọ èèpo líle tí 100°C kì í ràn.

Ẹni tó fẹ́ gún abẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ fọwọ́. Kò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, ẹnu sírínjì, tàbí ara ọ̀pá ìtì tó ń wọ inú. Á fi spírìtì 70% nu rọ́bà ìdérí ìgò oògùn, á jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀; fífẹ́ ẹnu sí i ń dá kòkòrò padà síbẹ̀. A kì í fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lórí ìgò.

Àṣìṣe tó léwu jù ni pípààrọ̀ abẹ́rẹ́ nìkan, kí a sì fi sírínjì kan náà gún ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí máa ń fà padà sínú sírínjì, ó sì tó láti kó àrùn mẹ́dọ̀wú B, mẹ́dọ̀wú C tàbí HIV ranni. Ní Íjíbítì, abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ajá tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ará ìgbèríko títí di ọdún 1980 sí 1989 ló tan mẹ́dọ̀wú C kálẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Yambuku ní Zaire (orílẹ̀-èdè Congo ti òní), lọ́dún 1976, sírínjì márùn-ún ni wọ́n ń lò lójúmọ́ fún gbogbo èrò tó wá gba ìtọ́jú láìsùn síbẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣàn án. Ebola gba ibẹ̀ ràn.

Lọ́dún 1999, WHO àti UNICEF ní kí abẹ́rẹ́ àjẹsára di ti sírínjì tí ọ̀pá ìtì rẹ̀ ń há pa lẹ́yìn ìlò kan.

Lẹ́yìn gígún, a kì í dá ìdérí abẹ́rẹ́ padà, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń gún òṣìṣẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni kó wọ àpótí páálí líle, tí a ó dí pa nígbà tó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ó bá gúnni, ọṣẹ àti omi ni a fi ń fọ̀ ọ́ láìfún ojú ibẹ̀. Oògùn ìdènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé.