Òru Kan ní Bahia Tó Dá Àgùdà Padà sí Èkó

Ẹni tó bá dé Pópó Àgùdà l'Ékòó á gbọ́ orúkọ bíi da Silva, da Rocha àti Pereira. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n o, àwọn là ń pè ní Àgùdà. A mọ̀ pé Brazil làwọn bàbá ńlá wọn ti dé, àmọ́ a kì í sábà sọ pé ìbẹ̀rù wà lára ohun tó lé púpọ̀ nínú wọn wá sílé, ìbẹ̀rù tí ìjà tí kò jù wákàtí mélòó kan lọ dá sílẹ̀ ní ìlú Salvador, ní Bahia, lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835.

Ilẹ̀ wa níbí lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Nígbà tí Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ sí Ọ̀yọ́ lọ́dún 1817, ogun gba ilẹ̀ kan, àwọn tógun kó sì di títà létí òkun. Nagô ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Bahia, láti ara Ànàgó. Àwọn Mùsùlùmí àárín wọn ni Malê, Ìmàle tiwa yìí náà ni.

Ẹrú ìgboro yàtọ̀ sí ẹrú oko ìrèké. Wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń gbé ọlọ́lá lórí àga kiri ìlú, wọ́n á jíṣẹ́ owó fún olówó wọn, ìyókù á di tiwọn. Àwọn míì fi ra ara wọn padà. Ibi tí wọ́n bá péjọ sí, wọ́n á gbé wàláà jáde, wọ́n á máa kọ́ kéú, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ìlú ọ̀hún kò mọ̀wé.

Ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà wọn ni Pacífico Licutan, àgbàlagbà. Àwọn ọmọ kéú rẹ̀ ti kó owó ìràpadà rẹ̀ jọ rí, olówó rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí gbèsè wọ olówó yìí lọ́rùn, ilé ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé Licutan bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé àga, wọ́n tì í mọ́lé títí wọn ó fi lù ú ní gbàǹjo. Àwọn èèyàn ń wọ́ lọ sẹ́wọ̀n láti kúnlẹ̀ gbàdúà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló dùn wọ́n wọra jù.

Àwọn Malê wá gbìmọ̀ láti dìde ogun sí àwọn òyìnbó. Ìparí ààwẹ̀ Ràmàdáànì ni wọ́n dá ọjọ́ sí, ní ìdájí, nígbà tí àwọn ẹrú bá ń lọ pọnmi, tí ọ̀pọ̀ òyìnbó sì ti lọ ṣọdún ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúgbò Bonfim. Ìjà tọkọtaya ló tú u fó. Sabina da Cruz ń wá ọkọ rẹ̀ kiri lẹ́yìn tí wọ́n jà, ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa ọ̀tẹ̀ náà, ló bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Guilhermina, ìyẹn sì sọ fún òyìnbó. Àwọn ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn ilé kan ní Ladeira da Praça lóru. Àfi gìrìgìrì! Àwọn ọkùnrin tú síta tàwọn ti idà, aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní abadá lọ́rùn wọn. Ta ni kò mọ agbádá? Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ forí lé láti tú Licutan sílẹ̀, kò ṣeé ṣe. Wọ́n jà títí dé Água de Meninos, níbi tí àwọn sójà ẹlẹ́ṣin ti dá wọn dúró. Àwọn tó kú nínú wọn tó àádọ́rin. Tírà tí wọ́n bá lára òkú, nígbà tí wọ́n tú awọ rẹ̀, bébà tí wọ́n kọ Kùránì sí ló wà nínú rẹ̀.

Wọ́n dájọ́ ẹgba 1,200 fún Licutan, ẹni tó wà látìmọ́lé ní gbogbo àsìkò ìjà náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún wọ́n pa èèyàn mẹ́rin, Àjàyí kan wà nínú wọn. Wọn ì bá so wọ́n kọ́, wọn ò rí ẹni tó gbà láti ṣe é, làwọn sójà bá yìnbọn pa wọ́n.

Òfin tó jáde lọ́jọ́ tó ṣáájú ìyẹn ló kan Èkó jù. Ìjọba Bahia ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí lára àwọn ará Áfíríkà tó ti gbòmìnira padà sílẹ̀ wọn. Àwọn tó kù á máa san owó orí 10 mil-réis, owó Brazil ayé ìgbà náà, lọ́dọọdún, wọn ò sì gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀, kò lè ra yàrá kan! Ni wọ́n bá ń wọkọ̀ òkun, àwọn tí wọ́n lé àti àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn rìn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ouidah, ní Àgùẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin òde òní, àti l'Ékòó.

Kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ló bọ̀. Àgùdà tó jẹ́ Kátólíìkì pọ̀, àwọn ló fi fréjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, mọ́ oúnjẹ Èkó. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ wọn kó bọ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, lọ́wọ́ sí kíkọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Ní Àjàṣẹ́, mọ́ṣáláṣí ńlá tí ìran Àgùdà kọ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia débi pé àlejò lè dúró níwájú rẹ̀ kó máa wá àgbélébùú lókè.