Ariwo háàdì dísìkì àti DVR

Ariwo háàdì dísìkì ni ìró tó ń jáde lára ẹ̀rọ ìpamọ́ tí kọ̀ǹpútà tàbí DVR ń kọ nǹkan sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tàbí nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Lára DVR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà ààbò sílẹ̀, ni ìró yìí ti ń da àwọn ènìyàn láàmú jù, nítorí pé DVR kì í sinmi: tọ̀sán-tòru ló ń kọ nǹkan sórí dísìkì. Ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, abẹ́ káńtà ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì ilé epo, ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì tàbí orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú pálọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, níbi tí kò ti jìnnà sí etí. Orúkọ kan náà ni ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ń jẹ́, irú èyí tí TiVo àti ReplayTV gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Dísìkì inú wọn kò yàtọ̀ púpọ̀, nítorí náà ohun tó ń ṣe ọ̀kan lè ṣe èkejì.

Ohun tó ń ró nínú rẹ̀

Àwo pẹlẹbẹ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú àpótí irin dísìkì, alumíníọ̀mù tàbí gíláàsì tí wọ́n fi èròjà mágínẹ́ẹ̀tì bò. Mọ́tò kékeré kan ń yí wọn nígbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan ń lọ síwá-sẹ́yìn lórí àwo náà, orí tó ń kà tó sì ń kọ wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Orí yìí kì í fara kan àwo. Afẹ́fẹ́ tí àwo ń fẹ́ bó ṣe ń yí ló gbé e ró, àlàfo tó sì wà láàárín wọn kò ju nánómítà díẹ̀ lọ. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bíi nánómítà 70,000. Eruku tí ojú kò tilẹ̀ rí ti di òkúta ìkọ̀sẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Dísìkì àkọ́kọ́, tí IBM gbé jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà RAMAC 305 ní 1956, ní àwo 50, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 24, gbogbo rẹ̀ kò sì gbà ju nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, orí bíárìn oníbọ́ọ̀lù ni àwo dísìkì ń yí lé, ó sì máa ń ké kíkan bó bá ti gbó. Bíárìn olóróró ló gbapò rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí DVR òde-òní bá ń hó débi pé kò jẹ́ kí ènìyàn sùn, fáànù ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Bí a ṣe ń dá ìró mọ̀

Ìró tó ń já àwọn ènìyàn láyà jù ni "píì, píì, píì" tí kì í dáwọ́ dúró. Dísìkì kọ́ ló ń ké. Agogo ìkìlọ̀ inú DVR ni. Ó máa ń dún bí ẹ̀rọ kò bá rí dísìkì, bí dísìkì bá kún tí a kò sì yọ̀ǹda kí ó kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, bí dísìkì bá ní àbùkù, tàbí bí wáyà kámẹ́rà kan bá já. Abẹ́ Exception nínú mẹ́nù ọ̀pọ̀ DVR ni a ti lè rí ohun tó fà á, ibẹ̀ náà la sì ti ń pa á. Ẹni tó bá pa á láìwo ìdí rẹ̀ ń fọ̀rọ̀ ṣeré: ọjọ́ tí olè bá jà ni yóò tó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò gba àwòrán kankan sílẹ̀.

Fáànù máa ń ró "gbìrìrì". Ó sábà máa ń le nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, kó tó rọlẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti gbóná. Láti mọ̀ dájú, a óò pa DVR, a óò tú ìdérí, a óò yọ wáyà fáànù, a óò sì tún tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan péré. Bí ariwo bá lọ, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Fáànù tuntun kò wọ́n. Bí ìró náà bá jẹ́ "hùn-ùn-ùn" tó ń gbọn tábìlì, ká fi ọwọ́ méjèèjì gbé DVR sókè díẹ̀. Bó bá dákẹ́, pákó tó jókòó lé ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Rọ́bà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti sìkúrúù tí a fún dáadáa ti tó.

Ti dísìkì fúnra rẹ̀ ló gba àfiyèsí. "Kẹrẹ-kẹrẹ" tó rọra ń dún nígbà tí a bá ń wo àwòrán àtijọ́ kò burú, bẹ́ẹ̀ ni "ká" ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí iná bá lọ, nítorí pé apá náà ń padà síbi ìsinmi rẹ̀ ni. Èyí tó burú ni "ká, ká, ká" tó ń dọ́gba, tí yóò dákẹ́, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀: orí ń wá àmì tí yóò fi mọ ibi tó wà lórí àwo, kò rí i. Bí ó bá ń họ "hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀", orí ti ń fara kan àwo. Ká pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí ìyípo kọ̀ọ̀kan ń bọ́ àwòrán kúrò.

Iná àti adáptọ̀

Kí a tó sọ pé dísìkì ti kú, ó yẹ ká pààrọ̀ adáptọ̀. Dísìkì onííǹṣì 3.5 ń lo iná fóòtì (volt) 12 àti fóòtì 5. Nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa nǹkan bíi áḿpù 2 lórí fóòtì 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fà tó ìdajì ìyẹn lẹ́yìn tó bá ti ń sáré. Adáptọ̀ fóòtì 12, áḿpù 2, tó wọ́pọ̀ lára DVR kékeré, kò ní àlékún púpọ̀. Bí kapásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń tọ́jú iná díẹ̀, bá ti wú, tàbí bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà bá ti so kámẹ́rà mọ́ ọn, dísìkì yóò gbéra, yóò ṣubú, yóò ró "ká", yóò tún gbéra. Ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti dísìkì tó ti kú, ọ̀pọ̀ dísìkì tó dá ṣáṣá ni wọ́n sì ń jù nù nítorí bẹ́ẹ̀.

Iná NEPA tó ń lọ tó ń bọ̀, àti pípààrọ̀ sí jẹnẹrétọ̀, ń mú kí apá dísìkì máa sá padà ní kánjúkánjú. UPS kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé iná ró fún ìgbà díẹ̀, ń gba dísìkì lọ́wọ́ èyí. Bí ínfátà tí kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA, bá ń gbé e, adáptọ̀ lè máa kùn. Ìkùn yẹn kì í ṣe ti dísìkì.

Eruku, ooru àti ariwo ìta

Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń dí ihò fáànù, ooru á sì pọ̀ nínú DVR. Ọ̀pọ̀ dísìkì ni wọ́n ṣe láti fara da ooru dé 60 tàbí 65 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí a bá ń fi búlówà nù ún, ká fi ìka di fáànù mú kó má baà sáré kọjá agbára rẹ̀. Ihò kékeré tó wà lára dísìkì oníafẹ́fẹ́, ìyẹn èyí tí afẹ́fẹ́ lásán wà nínú rẹ̀, wà fún mímí, a kì í lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Ariwo ìta náà ń ṣe dísìkì ní ibi. Ní 2008, Brendan Gregg, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun Microsystems, pariwo mọ́ àwọn dísìkì lójú fídíò, iṣẹ́ wọn sì falẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní 2016, nígbà tí ilé ìfowópamọ́ ING dán ẹ̀rọ apaná wò ní Bucharest, olú ìlú Ròmáníà, ìró gáàsì tó tú jáde ba ọ̀pọ̀ dísìkì jẹ́. DVR tí wọ́n gbé ti ẹ̀yìn sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí sórí pákó tí jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n, wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò àti kíkó àwòrán jáde

Dísìkì ń kọ ìtàn ìlera ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ onínọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní S.M.A.R.T. A lè kà á nínú mẹ́nù ọ̀pọ̀ DVR, tàbí lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ètò bíi CrystalDiskInfo tàbí smartmontools. Nọ́ńbà 5, 197 àti 198 ń sọ nípa ojú àwo tó ti bàjẹ́. Nọ́ńbà 10 ń sọ iye ìgbà tó gbéra tí kò lè sáré.

Bí dísìkì bá ti ń ró lọ́nà tí kò dára, àwòrán tí a fẹ́ ni ká kọ́kọ́ kó jáde sórí fláàṣì láti inú DVR fúnra rẹ̀. Bí a bá so ó mọ́ Windows, ó lè bèèrè bóyá kó fọ́mátì rẹ̀, ìyẹn kó nu ohun inú rẹ̀ kúrò, nítorí pé kò mọ ọ̀nà tí DVR gbà ń kọ̀wé. Ká kọ̀ fún un. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux dípò Windows, ètò tó ń jẹ́ ddrescue lè da odindi dísìkì kọ. Àwọn kan máa ń ní ká gbé e sínú fírísà. Ìrì tó máa sẹ̀ sórí àwo ló ń bà á jẹ́ tán. Ṣíṣí i sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà kò bójú mu, nítorí yàrá tí wọ́n ti yọ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Fún ìpààrọ̀, WD Purple àti Seagate SkyHawk jẹ́ irú tí wọ́n dìídì ṣe fún kámẹ́rà. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ kí ó wo nọ́ńbà 9 nínú S.M.A.R.T., tó ń ka wákàtí tí dísìkì ti fi ṣiṣẹ́: ọdún kan gbáko jẹ́ wákàtí 8,760.