Ariwo Kọ́ Ló Ń Lé Wọn: Bí Orin Rọ́ọ̀kì Ṣe Ń Borí Ibi Nínú Ìtàn

Nínú ìtàn tí olórin rọ́ọ̀kì ti borí ẹ̀mí burúkú, ariwo ni ọ̀pọ̀ òǹwòran máa ń rántí: wọ́n ta okùn gìtá, sípíkà bú ramúramù, ọ̀tá fọ́n ká. Wọ́n á ní bí orin náà ṣe dún tó ló ṣẹ́gun. Èrò yìí máa ń súni, nítorí àwọn ìtàn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kò ṣe é bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo síísìn kẹrin Stranger Things, eré tẹlifíṣàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2022. Vecna, ẹ̀dá burúkú inú rẹ̀, máa ń gba inú ìbànújẹ́ àti ẹ̀bi ọkàn wọ orí ènìyàn. Ó ti mú ọmọbìnrin kan, Max, níbi sàréè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ara ọmọ náà ti gbéra nílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré ki íapíìsì Walkman bọ̀ ọ́ létí, wọ́n gbé orin Kate Bush tó fẹ́ràn jù sí i. Etí rẹ̀ ni orin náà ń lọ tààrà. Síbẹ̀ ọ̀nà là níbi tí Vecna há a mọ́, ó rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókèèrè, ó fẹsẹ̀ fẹ tọ̀ wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ni Eddie, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Vecna jà, gun òrùlé, tó fi gìtá oníná ta orin ẹgbẹ́ Metallica kíkankíkan. Ariwo wà níbẹ̀, ó pọ̀ yanturu. Kí ló ṣe? Ó pe àwọn àdán tó ń ṣọ́ Vecna wá bá a kí ọ̀nà ilé Vecna lè dá. Orin náà ò pa àdán kankan. Iná àti ìbọn ni àwọn yòókù gbé ko Vecna lójú, Eddie sì kú.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kí òǹkọ̀wé ti kọ́kọ́ pinnu ohun tí ibi kò ní, tàbí ohun tí ibi ń jẹ. Bí wọ́n bá fo ìpele yìí, gìtá á kàn di ohun ìjà: mànàmáná á máa yọ lórí rẹ̀, á máa sun àǹjọ̀nú. Ẹ yọ gìtá náà, ẹ fi àdá rọ́pò rẹ̀, ìtàn náà á dúró digbí. Ó lè dùn-ún wò o, àmọ́ orin ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe Macross, eré àwòrán ogun òfuurufú, ní ilẹ̀ Japan ló ro ọ̀rọ̀ yìí já jù lọ. Nínú ti àkọ́kọ́, ní 1982, Zentradi jẹ́ òmìrán tí wọ́n dá nítorí ogun nìkan. Wọn ò mọ orin, wọn ò mọ ìfẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn Minmay, ọmọbìnrin olórin kan, ọwọ́ wọn rọ. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ ò ju ti onílù gángan tó bá ahun pàdé lóde àríyá. Ahun ti búra nílé pé kọ́bọ̀ ò ní jáde lápò òun. Onílù ò ní tìtorí ìyẹn lu ìlù fọ́. Á kàn sún mọ́ ọn, á rọra fi ìlù pe oríkì bàbá rẹ̀. Èjìká ọkùnrin náà á kọ́kọ́ mì. Á wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni rí i. Ìyàwó á fa agbádá rẹ̀ látẹ̀yìn, onílù á sì bọ́ sórí oríkì ìyá rẹ̀ nígbà náà. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ahun ti ń rán ọmọ lọ ṣẹ́ owó, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ onílù níwájú orí. Àlàyé ti fẹ́ jókòó sóde àríyá. Ẹ jẹ́ ká padà.

Àbùkù ti 1982 ni pé orin kàn mú ọwọ́ ọ̀tá rọ ni, ohun ìjà àwọn ènìyàn ló parí ogun. Macross 7, ti 1994 sí 1995, ló tún un ṣe, rọ́ọ̀kì gidi ló sì fi ṣe é. Àwọn Protodeviln, ọ̀tá inú ìtàn yìí, kò lè dá agbára ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní spiritia ṣe fúnra wọn, nítorí náà wọ́n ń fà á mu lára ènìyàn. Ẹni tí wọ́n bá fà gbẹ kì í kú. Á kàn jókòó gẹlẹtẹ bí ẹni tí nǹkan kan ò wù mọ́. Nekki Basara, olórin ẹgbẹ́ Fire Bomber, wá ń fò lọ sójú ogun, ó ń fi gìtá darí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, ó ń kọrin. Ohùn kì í sì rìn ní òfuurufú tí kò sí atẹ́gùn, ibi tí àwọn elérò ariwo ti kùnà pátápátá nìyẹn. Sípíkà ni Basara ń yìn bí ọta, á gún ara ọkọ̀ ọ̀tá, kí orin lè dún nínú ibẹ̀. Orin náà ń dá spiritia padà sára àwọn tí wọ́n ti fà gbẹ. Dókítà kan nínú ìtàn náà, Chiba, tilẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n láti fi wọn agbára rẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́.

Àwọn ológun rò pé ẹ̀rọ ni àṣírí náà. Wọ́n kó olórin tiwọn jọ, Jamming Birds, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n rán wọn lọ sójú ìjà. Wọn ò lè ṣe é.

Níkẹyìn, Gepelnitch, olórí Protodeviln, bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé spiritia ń jáde lára òun. Kò ní ìdí láti fa tẹnikẹ́ni mu mọ́. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n lọ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ìtàn náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ: apá 49 ni wọ́n gbé jáde lórí tẹlifíṣàn, orin mélòó kan náà ni wọ́n sì ń pààrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá dá a dúró lágbedeméjì á máa sọ káàkiri pé wèrè kan tó ń kọrin fún ìbọn ni òun wò.