Bí A Ṣe Ń Ṣírò CGPA Kí Ọdún Àṣekágbá Tó Dé

CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba póíǹtì akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó ń wò lójú pátákó èsì, kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ú lọ: àpapọ̀ póíǹtì tó ti kó jọ, àti àpapọ̀ yúnìtì tó ti forúkọ sílẹ̀ fún. Bí a bá fi yúnìtì pín póíǹtì, CGPA dé nìyẹn. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà méjèèjì lọ́wọ́ lè mọ̀, láti ọdún kejì pàápàá, ìwé ẹ̀rí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè tó àti èyí tó ti bọ́.

Òṣùwọ̀n póíǹtì 5 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ń lò. Máàkì 70 sókè ni A, póíǹtì 5. B bẹ̀rẹ̀ láti 60, póíǹtì 4. C láti 50, póíǹtì 3. D láti 45, póíǹtì 2. Níbi tí wọ́n ṣì ti ń lo E, 40 sí 44 ni, póíǹtì 1. Òdo ni F. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, 4.50 sókè ni fáàsì kíláàsì, 3.50 sí 4.49 ni 2:1 (sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ti òkè), 2.40 sí 3.49 ni 2:2 (sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ti ìsàlẹ̀), 1.50 sí 2.39 ni tọ́ọ̀dù kíláàsì. (Àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn MBBS kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìwé ẹ̀rí tiwọn kì í ní kíláàsì.)

Yúnìtì ni ìwúwo kọ́ọ̀sì: wákàtí kan lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ 15, tàbí wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ nínú láàbù. Póíǹtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni a ó fi yúnìtì rẹ̀ sọ di púpọ̀. Ká mú sẹ̀mẹ́sítà kan wò. GST, kọ́ọ̀sì ìmọ̀ gbogbogbòò, jẹ́ yúnìtì 2, akẹ́kọ̀ọ́ gba 62, ìyẹn B: 4 lọ́nà méjì, ó di 8. Máàtì, yúnìtì 3, ó gba 71: 15. Físíìsì, yúnìtì 3, ó gba 48: 6. Kẹ́mísìrì, yúnìtì 3, ó gba 55: 9. Kọ̀ǹpútà, yúnìtì 3, ó gba 70 géérégé: 15. Àpapọ̀ jẹ́ póíǹtì 53 lórí yúnìtì 14, GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo, sì jẹ́ 3.79.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni sẹ̀mẹ́sítà tó tẹ̀ lé e. Ká ní yúnìtì 22 ló ṣe, tó sì kó póíǹtì 72, GPA 3.27. Wọ́n á ro 3.79 pọ̀ mọ́ 3.27, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á rí 3.53, inú á dùn pé 2:1 ti dé. Kò tíì dé. Póíǹtì 125 lórí yúnìtì 36 ni, 3.47 ló jẹ́. Sẹ̀mẹ́sítà tó wúwo ló ń fa ìṣirò sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Bí a ṣe ń wo iwájú nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan parí 300 level pẹ̀lú póíǹtì 390 lórí yúnìtì 118. CGPA rẹ̀ jẹ́ 3.31. Yúnìtì 160 ni gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ku 42. Láti jáde pẹ̀lú 3.50, ó nílò 3.50 lọ́nà 160, ìyẹn 560. Tí a bá yọ 390 kúrò, ó ku 170. Póíǹtì 170 lórí yúnìtì 42 jẹ́ 4.05. B nínú gbogbo kọ́ọ̀sì á fún un ní 168 péré, póíǹtì méjì ló dín. Tó bá gba A nínú prọ́jẹ́ẹ̀tì yúnìtì 6, ó di 174, ó sì lè gba C nínú kọ́ọ̀sì yúnìtì 3 kan kó ṣì dé ibi tó ń lọ. Bó bá tilẹ̀ gba A nínú gbogbo rẹ̀, 3.75 ni òpin. Ó sàn kó mọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ 400 level ju kó máa lé fáàsì kíláàsì tí ọwọ́ kò lè tó mọ́.

Carryover, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí a gba F nínú rẹ̀ tí a sì ní láti tún ṣe, ló ń ba irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, F kì í parẹ́ bí a bá tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. F nínú kọ́ọ̀sì yúnìtì 3, tí A wá tẹ̀ lé, jẹ́ póíǹtì 15 lórí yúnìtì 6, ìyẹn 2.50. Ẹni tó gba C lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sàn jù ú lọ. Yúnìtì 160 náà á sì di 163, 560 tí à ń lé á di 570.5. Àìwọlé ìdánwò kọ́ọ̀sì tí a ti forúkọ sílẹ̀ fún láìgba àyè, F náà ni. Ìwé ìlànà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni kí èèyàn kà láti mọ bí ti ilé ìwé tirẹ̀ ṣe rí, kì í ṣe ẹnu àwọn tó ṣáájú.

Èyí tó ń dunni jù ni 69. Máàkì kan ṣoṣo ló dín sí A, àmọ́ póíǹtì 3 ló bá a lọ nínú kọ́ọ̀sì yúnìtì 3. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú tẹ́ẹ̀sì ló ti sọnù, kì í ṣe inú ìdánwò. Níbi tí tẹ́ẹ̀sì bá jẹ́ 30, tí ìdánwò jẹ́ 70, ẹni tó gba 24 nínú tẹ́ẹ̀sì nílò 46 péré nínú ìdánwò kó tó gba A. Ẹni tó gba 12 nílò 58. Asáínímẹ́ǹtì tí a kò fi sílẹ̀ lásìkò wà lára ohun tó ń fa wàhálà yìí.

Àṣìṣe lè wá láti ọ́fíìsì pẹ̀lú: èsì lè má jáde, kọ́ọ̀sì lè má sí lórí course form, ìwé tí a fi forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé kékeré fi yẹ kó wà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ kọ́ọ̀sì, yúnìtì, máàkì àti póíǹtì sí ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ tirẹ̀ kò bá bá ti ẹ̀ka mu, kó mú un lọ bá olùdámọ̀ràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà tí olùkọ́ tó ṣe kọ́ọ̀sì náà ṣì wà nítòsí tí ìwé ìdánwò sì ṣì wà lọ́wọ́.